Lẹ́tà Òjé Ló Tọ́ Mi Dàgbà

Ọmọbìnrin tó ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wa báyìí ló fa gbogbo èyí. Ó wá bá mi nílé ní Fọlá Àgòrò, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó jókòó, kò sì lọ mọ́. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ń ronú irú iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n fi ayé wọn ṣe, pé kí n kọ ìtàn tèmi sínú ìwé ìròyìn wa kí wọ́n rí nǹkan mú níbẹ̀. Mo bi í pé ṣé àwọn tó ń fi fóònù ṣe gbogbo nǹkan náà ló fẹ́ gbọ́ ìtàn òjé. Ó ní àwọn náà ni. Mo ní kò burú, àmọ́ kí wọ́n má bi mí ní iye tí wọ́n ń san fún mi, torí bí mo bá sọ ọ́, ẹni tó ti ń ronú àtikọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé á sá lọ síbòmíràn. Ó tó jẹ, ó sì tó rán ọmọ lọ sílé-ìwé. Mo dúpẹ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ṣómólú tí ẹ bèèrè Mọ́rẹ́nikẹ́, kò sẹ́ni tí yóò júwe ilé mi fún yín. Ẹ bèèrè Ìyá Onílẹ́tà. Láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́fà títí di ìgbà tí ẹ̀yìn mi ní ó tó gẹ́ẹ́, lẹ́tà ni mò ń tò. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà nínú ìwé, ẹnìkan ló fi ọwọ́ tò ó, òjé kan tẹ̀lé òjé kan, bí ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó fi irin há a mọ́ inú férémù, a ó fi tàdáwà pa á lójú, ẹ̀rọ á sì wá tẹ bébà mọ́ ọn. Èmi ni ẹni tó ń tò ó.

Bàbá mi, káfíńtà ará Ìjẹ̀bú, ló kan àpótí onílé wẹ́wẹ́ tí Ọ̀gá mi ń kó lẹ́tà sí. Ibi tó ti ń kàn án ló ti rí i pé ojú àti sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, pé kò fẹ́ agbára. Ó délé, ó ní òun ti ríṣẹ́ fún mi. Ìyá mi ní obìnrin kì í ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Bàbá mi ní òun wo ara òjé náà títí, òun kò rí ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí. Bí ọ̀rọ̀ ìgbàṣiṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ tó sì parí nìyẹn.

Ọ̀gá mi, ọmọ Ẹ̀gbá ni. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́, nínú ilé tí tàdáwà kún dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ á sì ṣú láìsí àbàwọ́n kan lára rẹ̀. Èmi, bí mo bá kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ lásán, ó ti dé etí mi. Ó ní rúlà onírin kan tí kì í jìnnà sí i, ẹ̀yìn ọwọ́ wa sì mọ rúlà yẹn bí ẹni mọ ará ilé. Kì í pariwo. Á kàn ní kí ẹ na ọwọ́.

Fún ìgbà pípẹ́, n kò ṣe ju kí n máa fi kẹrosíìnì fọ lẹ́tà, kí n nù wọ́n gbẹ, kí n sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí ilé rẹ̀ nínú àpótí. Ọwọ́ mi ń rùn débi pé àbúrò mi kọ̀ kí n bu oúnjẹ fún òun. Mo sunkún, mo ní kí bàbá mi jẹ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Bàbá mi ní abẹ́rẹ́ náà a máa gúnni. Nígbà tó yá, Ọ̀gá kọ́ mi láti máa kà láti òdì, nítorí ojú òjé yí sódì, orí bébà nìkan ló ti ń tọ́. Títí dòní, ó rọrùn fún mi láti ka ìwé nínú dígí, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀.

Èyí tó le jù ló gbé dé lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní kí n dijú. Ó fi lẹ́tà ńlá kan, irú èyí tí a fi ń tẹ àkọlé, sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ìka ra á lójú kí n sọ èwo ni. Mo sọ ọ́, mo ṣì í. Ó ní kí n na ọwọ́. Ó wá sọ ohun kan fún mi tí mo rò nígbà náà pé ìwà ìkà ló fi ń bò mọ́lẹ̀. Ó ní, “Ojú á rẹ̀ lọ́jọ́ kan, Mọ́rẹ́nikẹ́. Kọ́ ìka rẹ.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ wàhálà àwa tí a ń tẹ Yorùbá fún yín. Òkè òkun ni lẹ́tà ti ń wá, àwọn tó ń rọ ọ́ kò sì ro tiwa mọ́ ọn. A àti b àti d pọ̀ bí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ, ìkúnwọ́ ni. Ta ló sì lè sọ Yorùbá délé ẹnìkejì láì lo ọ? Nítorí náà, a kò lè to ìwé tán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. A ó to ojú ìwé díẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó tú u, a ó sì fi lẹ́tà kan náà to èyí tó kàn.

Ibẹ̀ ni òfin ẹfun ti wá. Bí wọ́n bá tẹ ojú ìwé kan tán, Súlè, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi tó ń darí ẹ̀rọ, á fi ẹfun fa ìlà sí etí férémù rẹ̀. Férémù tó bá ní ẹfun, ẹ lè tú u. Èyí tí kò bá ní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ ọmọ Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Mo ti jẹ rúlà nítorí ẹfun ju nítorí ohunkóhun mìíràn lọ.

Òfin kejì ni kíkà sókè. Kí a tó gbé ojú ìwé kankan sórí ẹ̀rọ, a ó tẹ ẹyọ kan wò. Èmi á di ìwé tí òǹkọ̀wé fi ọwọ́ kọ mú, n ó máa kà á ketekete, Súlè á sì máa fi ojú bá mi lọ lórí bébà tí a tẹ̀ wò. Bí a bá ti kà á tó pé, a kò nílò ìwé méjèèjì mọ́. Àkísà wọ́n, nítorí náà àwọn ni Súlè fi ń nu tàdáwà kúrò lára ẹ̀rọ. Gbogbo ilé ìtẹ̀wé tó wà ládùúgbò wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi kíkà sókè yìí ni mo ti fẹ́ràn Ẹgbẹ́ Ọ̀rọ̀-Ò-Tán. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa nínú ẹgbẹ́ yìí rò pé àná la dá a sílẹ̀. Kí àwọn ìyá yín míì tó lọ́kọ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé ní kíláàsì kan ní Bàrígà, Sátidé kan lóṣù, olùkọ́ àti télọ̀ àti nọ́ọ̀sì àti ààfáà. Àwa là ń tẹ ìwé ìròyìn wọn. Iwájú rẹ̀ jẹ́ ewì àti ìtàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ìròyìn ilé: ta ló bímọ, ta ló kó lọ sílé tuntun, ara ta ni kò yá, ta ló ń wá ẹni tí yóò bá a ka iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kò lè máa to ìkómọ èèyàn lóṣooṣù kí ẹ má lọ jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí mo ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan tí mo rí i pé ẹ ti ń jẹ́ kó kú. Ìdápadà là ń pè é. Bí ẹnìkan bá ka iṣẹ́ rẹ̀ tán, ẹni tó jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀ á dìde, á sọ ohun tó gbọ́ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni tó lanu pé ó dára tàbí kò dára. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò gbọ́ kò lè dájọ́.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Ìyá Ìdẹ̀ra, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó ń gbé ní Ládílàk. Iṣẹ́ aránṣọ ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ló máa ń jókòó sí òsì rẹ̀, Bàbá Rélùwéè ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló máa ń ṣe ìdápadà iṣẹ́ ìyá náà, àwọn méjèèjì kì í sì í rẹ́. Ìyá Ìdẹ̀ra ń kọ ìtàn ọjọ́ èwe rẹ̀ ní ìpín-ìpín fún ìwé ìròyìn wa, ó pè é ní Ọmọ Ọlọ. Ìgbà tó kọ ọ́ pé òun wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó, Bàbá Rélùwéè ní ọkọ̀ ojú irin wo, ta ló la ojú irin débẹ̀? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi di pé ìyá náà gbà pé lọ́rì ni ìyá òun fi sin òun dé Òṣogbo, kí òun tó wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, ó ní fún mi pé bàbá yẹn kò ní jẹ́ kí òun kú ní àlàáfíà.

Ní ọdún tí àwọn sójà fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, ojú Ìyá Ìdẹ̀ra bẹ̀rẹ̀ sí kú. Dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Ó fi kíákíá kọ ìpín tó kẹ́yìn, lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ìlà kan ń gun orí ìkejì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìgbà náà ló bá a kà á nípàdé, nítorí kò rí i kà mọ́. Bàbá Rélùwéè ṣe ìdápadà rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló mú ìwé ọ̀hún wá fún mi ní Ṣómólú, ó ń tọ ògiri bọ̀. Ó ní, “Mọ́rẹ́nikẹ́, bá mi yára sí i. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí òpin rẹ̀. Bó bá di oṣù tó ń bọ̀, n ò mọ̀.”

Mo tò ó. Èmi àti Súlè kà á sókè, ó pé. Súlè fi ìwé méjèèjì nu ẹ̀rọ bí a ti máa ń ṣe, ó ku kí a tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ rántí pé ìgbà ìbò ni. Gbogbo Ṣómólú ń tẹ ojú olóṣèlú tọ̀sán-tòru. Aṣojú ọ̀kan nínú wọn wá bá Ọ̀gá, ó fẹ́ ìwé ìpolongo lójú ẹsẹ̀, ní Yorùbá, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí omi ẹ̀rọ fún wa. Omi yẹn, a ṣì ń retí rẹ̀. Mo lọ ra bébà ní Fádèyí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìgbà tí mo máa padà dé, ẹ̀rọ ti dákẹ́, Súlè dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò lè wò mí lójú.

Ọ̀gá jókòó lórí bébà. Tàdáwà wà láyà aṣọ funfun rẹ̀. N kò rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ là mí láyà.

Ó ní, “Mo ti tú Ìyá Ìdẹ̀ra.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ àti ọ tán nínú àpótí. Aṣojú olóṣèlú ń sọ̀rọ̀ sí i létí láìsinmi, pé kó yá, pé ọkọ̀ ń dúró. Ọ̀gá fa férémù tó sún mọ́ ọn jáde, ó tú u, ó fi lẹ́tà inú rẹ̀ to ìwé ìpolongo, Súlè sì tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí aṣojú náà lọ tán ni ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò wo ẹfun ni. Ó ní òun kò wò ó.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo rò pé gbogbo ọwọ́ tó ti fi rúlà bà ni Ọ̀gá mi rí lọ́jọ́ náà nígbà tó wẹ̀yìn. Inú bí mi, n kò ní parọ́. Mo ní ká ní èmi ni, ì bá ti ní kí n na ọwọ́. Ó dìde, ó lọ mú rúlà náà wá, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó sì na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sí mi níwájú Súlè. Mo gbé rúlà sílẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Bí a ti wà yẹn la ṣe lọ sí Ládílàk. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Ìdẹ̀ra pẹ̀lú aṣọ onítàdáwà yẹn. Ìyá náà ń bèèrè pé ta nìyẹn, ta ló wà nílẹ̀, nítorí òjìji lásán ló ń rí. Mo ṣàlàyé fún un. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn sọ pé ojú tí òun fi kọ ọ́ ti ń lọ, òun kò lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n má kọ ọ́. Kí wọ́n máa sọ ọ́, kí n máa tò ó bó ti ń jáde, láti ẹnu bọ́ sínú òjé. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wa. Mo wo Ọ̀gá, mo rò pé yóò ní èèwọ̀ ni. Ohun tó bèèrè ni pé ta ni yóò wá di ìwé mú, nígbà tí kò sí ìwé? Òfin rẹ̀ ni pé bí ẹnìkan bá ń kà, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Ìdẹ̀ra mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ lọ pe ọkùnrin yẹn.”

Ọjọ́ kejì ni wọ́n jókòó sílé ìtẹ̀wé wa, ìyá náà lórí àga, Bàbá Rélùwéè ní òsì rẹ̀ bíi ti ìpàdé. Ọ̀gá tú ìwé ìpolongo nítorí lẹ́tà inú rẹ̀; tìyẹn ní ẹfun. Bó ṣe ń tú u lọ́wọ́ ni aṣojú olóṣèlú dé pé òun fẹ́ sí i. Ọ̀gá ní kò ṣeé ṣe, kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ojúlé kejì. Ọkùnrin náà ní ṣé nítorí ìtàn ìyá arúgbó kan ni wọ́n ṣe ń lé oníbàárà. Ọ̀gá kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Ìbò á tún dì. Ojú Màmá yìí kò ní tún là.”

A wá bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá náà bá sọ̀rọ̀ kan, tí ó bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, Bàbá Rélùwéè á ní wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ níjọ́sí, wọ́n ní “àárọ̀ kùtù”, wọn kò ní “àfẹ̀mọ́júmọ́”. Ẹnu ya gbogbo wa. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó ń wá àléébù ló ń gbọ́ dáadáa. Gbogbo ọdún tó ti fi ń bá ìyá yìí jà, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

Ìtàn náà dé ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo. Níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti yọ ọmọ ọlọ jáde nínú ẹrù, òkúta kékeré tí a fi ń lọ ata lórí ìyá ọlọ ńlá, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní ìyá ọlọ ń bẹ nílé, kó máa gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó. Ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ ata, yóò padà wá. Ìyá Ìdẹ̀ra sinmi níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun padà lọ́dún kejì, àwọn jọ lọ ata pọ̀, inú ìyá òun sì dùn.

Mo ti ń nawọ́ sí lẹ́tà. Bàbá Rélùwéè kò pariwo bó ti máa ń ṣe. Ó rọra sọ pé, “Màmá, ẹ kò padà.”

Ìyá náà ní, “Èmi ni mo ni ìtàn mi.”

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ín. Àmọ́ èmi ni mo gbọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ pé ìgbà tí ẹ máa padà délé, wọ́n ti sin wọ́n. Ìyá ọlọ wà lẹ́yìnkùlé, òjò ti rọ̀ sínú rẹ̀, adìyẹ ń mu omi níbẹ̀.”

Súlè yí ojú sí ògiri. Ìyá Ìdẹ̀ra di apá àga mú. Nígbà tó yá, ó ní bírò ló bá òun sọ ọ́ nínú yàrá, akọ̀wé ló sì bá òun kà á nípàdé. Ó ní, “N ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí.” Bàbá Rélùwéè ní òun mọ̀. Ó ní ìpín yẹn nìkan ni òun kò rí nǹkan kan wí sí nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ.

Ìyá náà wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láti orí ìyá ọlọ dé orí adìyẹ, ó ń sunkún, ọ̀rọ̀ sì ń jáde ketekete. Ó parí rẹ̀, ó ní, “Tò ó bẹ́ẹ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́.” Mo tò ó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo dé orí “adìyẹ”, ẹ tó kù nínú àpótí kò ju ẹyọ kan lọ.

A tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fa Ìyá Ìdẹ̀ra lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Ìyá náà gbé bébà súnmọ́ imú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì fi ojú ara rẹ̀ ka ìlà tó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan, títí dé orí adìyẹ. Ó rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo ti rí ìkómọ, mo ti rí ìgbéyàwó, n kò tíì rí irú ayọ̀ tó wà nílé ìtẹ̀wé wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló fi ìka ra bébà, ó ní kí ló dé tó rí gbágungbàgun. Mo ní òjé a máa jẹ bébà wọlé. Ó ní kí n jẹ́ kó máa jẹ ẹ́ dáadáa fún òun.

Ojú náà kú kí oṣù díẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n lóṣooṣù, tí Bàbá Rélùwéè bá mú ìwé ìròyìn dé Ládílàk láti wá kà á fún un, ìyá náà á kọ́kọ́ fi ìka wá àkọlé kiri, á sì sọ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ kà. Ìjà wọn kò tán. Ilé ló kàn kó wá.

Sójà tún padà dé, ẹ mọ ìyẹn nínú ìwé ìtàn yín. Ẹgbẹ́ wa kò dáwọ́ dúró, pálọ̀ la ti ń ṣèpàdé nígbà míì. Ọ̀gá mi di arúgbó, ó sì re ibi àgbà ń rè. Kó tó lọ, ó fún mi ní àpótí ẹ, ọ àti ṣ rẹ̀, pẹ̀lú rúlà. Mo sunkún lórí rúlà ju àpótí lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìgbàlódé dé tí kò lo òjé mọ́, kọ̀ǹpútà sì tẹ̀ lé e. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan bínú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi lọ jókòó ti ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, ó kọ́ mi. Ọjọ́ tí mo tẹ ọ, tí mo tún tẹ ọ, tí mo tẹ ọ kún ojú kọ̀ǹpútà tí kò tán, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Ọmọ náà rò pé orí mi ti yí. Kò mọ ohun tí ojú mi ti rí lórí ọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ mi bú kọ̀ǹpútà.

Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Ìgbà tí àwọn sójà lọ lẹ́ẹ̀kejì ni a kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, ó dán, ó ń kọ mọ̀nà. Mo mú un lọ fún Ìyá Ìdẹ̀ra fúnra mi. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó fi ìka wá orí rẹ̀, ó wá ìsàlẹ̀, ó yí i padà. Ó ní, “Mọ́rẹ́nikẹ́, bébà lásán lo mú fún mi.”

Mo padà sílé, mo fa àpótí Ọ̀gá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo to àwọn àkọlé inú ìwé náà ní òjé, mo sì fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀dà tirẹ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lóṣooṣù títí ó fi sùn. Ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ló ní nǹkan fún ìka. Àwọn ọmọ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ní ọmọ ọlọ náà, òun lẹ máa ń rí nípàdé tí a gbé lé orí ìwé kí afẹ́fẹ́ má kó o lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín rò pé òkúta lásán ni.

Ẹ bi mí ní irú iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ ṣe. N kò mọ̀. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi tó rí mi lára òjé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá mi tó na ọwọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá oníjà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn délẹ̀. Ẹ dá ìdápadà padà sínú ìpàdé, ẹ jọ̀ọ́.

Ojú tèmi náà ti ń ṣú báyìí. Akọ̀wé ló jókòó tì mí, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń yẹ̀ mí wò bí mo bá ṣì í sọ. Mo ní kó fi àyè àkọlé sílẹ̀ ní òfìfo, kó sì kó gbogbo ẹ̀dà wá sílé mi kó tó pín wọn. Mo to òjé rẹ̀ láì lo ojú. Ọ̀gá mi sọ òótọ́, ìka mi rántí. Ọmọ náà fi tàdáwà pa á, ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi, àwa méjèèjì sì jọ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ padà sókè ojú ìwé yìí. Ẹ dijú, kí ẹ fi ìka ra àkọlé rẹ̀.